Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Gbẹ̀san Lórí Ìkànnì Òpó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í pariwo. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé òun ló kó gbogbo sùúrù inú ilé wa, pé èmi ni mo kó gbogbo ẹnu. Wọn ò purọ́ ní ti ẹnu, ṣùgbọ́n ti sùúrù yẹn ni wọ́n ti ṣì í. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ mí, màá sọ ọ́ sí i lójú, màá bú u dáadáa, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á kàn wo onítọ̀hún, á ní, "Ó dáa," á ti gíláàsì rẹ̀ sókè imú, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti gbàgbé. Èmi tí a jọ dàgbà mọ̀ pé ìgbà tó bá ti ní "ó dáa" yẹn gan-an ló yẹ kí èèyàn máa wá ibi tó máa sá sí.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú, yàrá tí àwa méjèèjì ń gbé wà lẹ́yìn, kọ́tìnnì kan ló pín wọn níyà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni tirẹ̀, orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ló sì ti máa ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí jù. Òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Òpó. Àwọn tó ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà ló para pọ̀ ṣe é, kálukú láti ilé tirẹ̀, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ètò fún ilé ìwòsàn tàbí fún ilé ẹ̀kọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀ mọ́. Á mú Òpó, á kọ́ tirẹ̀ lé e lórí. Lójú tèmi, bí àwòṣe páálí tí mo fi ń gé ẹ̀wù ló rí: ọ̀kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n èèyàn lè fi gé aṣọ fún àìmọye ara.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó jókòó kọ àlàyé Òpó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí nǹkan bá rú lójú á kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dá a lóhùn, gbogbo wọn á sì rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń dáhùn jù. Á ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí á fi tutù, torí pé ètò ẹnì kan tí kò rí rí, níbì kan tí kò dé rí, kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Mo máa ń bi í pé èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀. Á ní ẹnì kan ló dá òun náà lóhùn nígbà tí òun ò mọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ẹyẹ, torí ọ̀rọ̀ máa kàn wọ́n. Bàbá wa sin ẹyẹlé sórí òrùlé nígbà tí a wà ní kékeré. Olóyè wà níbẹ̀, tó máa ń rìn bí ẹni tí gbogbo ìlú ń wò. Wàhálà wà níbẹ̀, tí kì í jẹ́ kí àwọn yòókù jẹun lálàáfíà. Jẹ́jẹ́ sì wà níbẹ̀, tí ológbò ti ṣe ìyẹ́ rẹ̀ kan léṣe, tó jẹ́ pé òun ló máa ń kẹ́yìn wálé nírọ̀lẹ́. Bàbá wa kì í ti ilẹ̀kùn ilé ẹyẹlé àfi tí Jẹ́jẹ́ bá dé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ ṣe àpẹẹrẹ fún ẹni tó béèrè nǹkan, àwọn ẹyẹ yìí ló ń lò. Bó bá jẹ́ ètò tó ń to orúkọ ni, á to Olóyè, Wàhálà, Jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ ètò tó gbọ́dọ̀ dúró de ohun tí kò tíì dé kó tó parí iṣẹ́, Jẹ́jẹ́ náà ni wọ́n á máa dúró dè. Àwọn ẹni tuntun fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó ń yé àwọn bí ìtàn.

Àárín ìgbà yẹn ni Ẹlẹ́rìn-ín dé. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí eyín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kí òun tó wọlé. Ìyá rẹ̀ jẹ́ oníbàárà mi, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan báyìí, ìyá náà ló sì bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó kọ́ ọmọ òun níṣẹ́, torí ó ti kàwé tán, kò ríṣẹ́. Orí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà ló máa ń jókòó sí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú." Bó ṣe ń pè é nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́, débi pé èmi tí mo ni ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jowú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kì í gbà á láyè kó máa fi ẹnu béèrè nìkan.

"Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́," ló máa ń sọ fún un. "Ohun tí kò yé ọ, kò yé ẹlòmíì náà. Jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan."

Ẹlẹ́rìn-ín á fi ìbéèrè ránṣẹ́ láti orí bẹ́ǹṣì, ẹ̀gbọ́n mi á dá a lóhùn láti ìdí tábìlì, àyè tó wà láàárín wọn kò sì ju ọ̀pá aṣọ kan lọ. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, ó ríṣẹ́ síbòmíì, kò sì yà lọ́dọ̀ wa mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ ń kó àwọn lẹ́tà wọn pamọ́ sí dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó o kò ṣe ẹ̀dà kankan síbì kankan. Ìbéèrè àti ìdáhùn láti ọdún pípẹ́ wá, gbogbo rẹ̀ wọmi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń dárò. Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ni kò ráyè dárò, torí ìwé ló ń kọ.

A ò mọ̀ pé ó ń kọ̀wé. Ọ̀nà tí a gbà mọ̀ ni mi ò ní dárí rẹ̀ jì í. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ń wá ẹni tó mọ Òpó dunjú, ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èmi ni mo rán kóòtù tó wọ̀ lọ, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán. Wọ́n ní kó kọ àlàyé kan tó máa yé ẹni tuntun. Ó kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́, pẹ̀lú Olóyè, Wàhálà àti Jẹ́jẹ́. Ọ̀gá tó jókòó láàárín kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fa ìwé kan tó ń ṣàlàyé Òpó yọ nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

"Ìyáàfin, ṣé ẹ rò pé a kì í kàwé níbí ni? Ẹ tiẹ̀ kó àwọn ẹyẹ inú rẹ̀ mọ́ ọn."

Orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín ló wà lára ìwé náà, àwòrán òun pẹ̀lú eyín rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun lòun ni àwọn ẹyẹ yẹn, pé orí òrùlé bàbá òun ni wọ́n gbé. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n ní kó lọ fara balẹ̀ ka ìwé náà, pé ó máa rí nǹkan kọ́ níbẹ̀, kó má sì da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ mọ́.

Nígbà tó délé, ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ sára hángà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún mi láìgbé ohùn sókè. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa." Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi tàn ká láàárín àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Adàwékọ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Àwọn tó mọ ẹni tó ni àwọn ẹyẹ kì í ka ìwé àwọn ẹni tuntun, àwọn tó ń kà á kò sì bá àwọn lẹ́tà àtijọ́. Ìwé ìwáṣẹ́ tó bá fi ránṣẹ́ kì í mú èsì wá. Obìnrin tó kọ́ ìdajì wọn níṣẹ́! Orúkọ nìkan ló kù tó ní lọ́wọ́, òun náà ni wọ́n wá bà jẹ́ yẹn.

Èmi ti wọ bàtà, mo fẹ́ lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ rẹ̀ kí n lọ fa ẹ̀wù ya mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí mú.

"Kí lo fẹ́ fi hàn wọ́n?" ó bi mí.

"Àwọn lẹ́tà yín ńkọ́? Ṣebí wọ́n wà nínú kọ̀ǹpútà yín!"

"Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní mo lọ jókòó tún un kọ lẹ́yìn tí ìwé jáde ni. Ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ mi nìkan wá kò lè wẹ̀ mí mọ́. Àfi kó ti ọwọ́ àwọn ẹlòmíì wá."

"Àwọn wo?"

Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fa ìlà sórí tábìlì.

Ó pẹ́ kí àyè tó yọ. Àwọn ẹgbẹ́ Òpó wá sọ pé ọ̀rọ̀ náà tó gẹ́ẹ́. Àwọn ẹni tuntun ń dé, wọn ò ríbi béèrè nǹkan. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń tún dáhùn káàkiri. Wọ́n fẹ́ kọ́ ìkànnì kan tí ẹnikẹ́ni á ti lè béèrè, tí ẹnikẹ́ni á ti lè dáhùn, tí ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò sì ní sọnù mọ́. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ tó máa ṣètò rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ bi mí léèrè ẹni tí wọ́n fi ṣe alága. Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe ẹni tó kọ̀wé? Ẹlẹ́rìn-ín ni.

Ẹ̀gbọ́n mi fa orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ pé òun fẹ́ wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi síńsọ́ọ̀sì gé ìka mi.

"Ẹ fẹ́ lọ máa pe olè yẹn ní alága?"

"Màá pè é ní alága," ó wí. "Màá tiẹ̀ máa pè é dáadáa."

Wọ́n gbà á wọlé, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ láìgbowó, òun sì ní òun máa kọ gbogbo ètò náà sílẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, kálukú yọjú láti ibi tó wà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Ẹlẹ́rìn-ín lórí tábìlì mi, "Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n wa, ó tó ọjọ́ mẹ́ta," bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, òwú já lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ káàsán, Alága." Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ẹ̀rù bà mí fún ọmọkùnrin yẹn, inú mi sì dùn pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ó ya ìkànnì náà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Àjẹkù páálí tí mo fi ń ṣe àwòṣe ló kọ ọ́ sí, ó fi abẹ́rẹ́ kàn wọ́n mọ́ ògiri: ibi ìbéèrè rèé, ibi ìdáhùn rèé, ibi ìwákiri rèé, kí ẹni tuntun lè kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti dáhùn ohun tó fẹ́ béèrè. Àwọn oníbàárà mi á dúró, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á ní ṣé ẹ̀wù tuntun ni. Ó ṣe òfin pé ẹni tó bá béèrè gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ti gbìyànjú. Ó tún ṣe òfin kan pé bí ìdáhùn bá ṣiṣẹ́ fún ẹni tó béèrè, kó kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, kí ìdúpẹ́ náà sì dúró síbẹ̀ títí, kí àwọn tó ń dáhùn má bàa rò pé igbó làwọn ń bá sọ̀rọ̀. Alága yin òfin náà gan-an. Ó ní ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Mo bu ẹ̀rín sínú aṣọ tí mo ń rán.

Lẹ́yìn náà ló wá mú èyí tó kàn án gan-an jáde. Ó ní ìkànnì kò gbọ́dọ̀ ṣí lófìfo. Ó ní kí àwọn kọ̀wé sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, tàgbà tèwe, kí ẹni tó bá ṣì ní lẹ́tà àtijọ́ lọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ohun tó sọnù lójú kan ṣì lè wà lójú púpọ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹlẹ́rìn-ín náà pàtẹ́wọ́. Ó rò pé bóyá ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa jáde.

Àwọn lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹnì kan fi díẹ̀ ránṣẹ́, ẹlòmíì fi ti ọdún kan ránṣẹ́. Bàbá kan wà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í pa lẹ́tà kankan rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, àní títí kan ti àwọn tó ń polówó ọṣẹ. Olùkọ́ Àgbà ni wọ́n ń pè é. Ó kó gbogbo tirẹ̀ ránṣẹ́ ní odidi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí i, ó kà, ó kà. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín; ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tí ẹ̀rín rẹ̀ dé ojú bẹ́ẹ̀.

"Kí ni?" mo bi í.

"Jẹ́jẹ́ ti wálé," ó wí.

Bí òkìtì lẹ́tà náà ṣe ń ga ni ẹ̀rín Ẹlẹ́rìn-ín ń kéré sí i. Kò pẹ́ tó fi gbé àbá kan wá. Ó ní kí wọ́n yọ orúkọ gbogbo èèyàn kúrò lára àwọn lẹ́tà àtijọ́, kí wọ́n kọ "Ẹgbẹ́ Òpó" sí abẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní àwọn máa dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀, níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa wà. Bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi máa rì sínú òkìtì yẹn, Adàwékọ á sì máa bá a lọ títí tó fi máa kú. Mo ní kó tètè pariwo síta kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kí n sì tẹ́ aṣọ tó mọ́ sórí tábìlì lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán ni ìpàdé náà. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gbé àga mi síbi tí màá ti máa wo kọ̀ǹpútà tí wọn ò ní rí mi. Ojú àwọn èèyàn kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀, ká má purọ́, ẹnu rẹ̀ dùn.

"Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. A ò ṣe Òpó kí wọ́n lè máa yìn wá. Orúkọ ló ń fa ìgbéraga, ìgbéraga ló ń tú ẹgbẹ́ ká. Ẹ jẹ́ ká fi ara wa pamọ́, kí iṣẹ́ wa hàn."

Àwọn kan ń mi orí. Èmi gan-an, bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, ǹ bá mi orí.

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́. "Alága, kí a tó dìbò, mo fẹ́ kí gbogbo ilé rí bí ojú ewé kan ṣe máa rí láìní orúkọ. Mo ti ṣe é sílẹ̀." Ó tẹ nǹkan kan, ojú ewé náà sì yọ: ìbéèrè kan nípa bí ètò ṣe lè dúró de ohun tí kò tíì dé, ìdáhùn gígùn kan lábẹ́ rẹ̀, Olóyè àti Wàhálà ti wọlé, Jẹ́jẹ́ ṣì kù.

Ọ̀dọ́bìnrin kan láàárín wọn ní, "Ṣé kì í ṣe inú ìwé Alága nìyí? Mo mọ àwọn ẹyẹ yìí."

Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Ẹlẹ́rìn-ín ló fúnra rẹ̀ la ẹnu.

"Bẹ́ẹ̀ ni, tèmi ni," ó wí, ó tún rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n ti ń da ìwé yẹn kọ káàkiri. Mi ò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ìdí gan-an tí mo fi ní ká yọ orúkọ nìyẹn, kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni."

Gbogbo wọn mọ ẹni tó ń sọ. Mo rí i tí àwọn kan wo apá ibi tí ojú ẹ̀gbọ́n mi wà lára kọ̀ǹpútà tiwọn. Mo dìde dúró láìmọ̀.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó ti gíláàsì sókè imú, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ yọ sí ojú ewé náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè, orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ti pẹ́ gan-an kí ìwé kankan tó jáde. Abẹ́ rẹ̀ ni orúkọ àwọn tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ wà, Olùkọ́ Àgbà ló ṣáájú, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e láti oríṣiríṣi ibi, àwọn tí kò mọ ara wọn rí, ẹ̀dà kan náà ni gbogbo wọn sì ní. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ló kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kà á sókè, ó kà á jẹ́jẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an ni. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bá a fà á. Àpẹẹrẹ Jẹ́jẹ́ yín ló là mí lójú, ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Mi ò ní gbàgbé ẹni tó kọ́ mi láéláé."

Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà, tí etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ló sún mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí imú rẹ̀ fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà wa, ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí. Kí ló dé tí Jẹ́jẹ́ kì í tètè wálé?"

Eyín Ẹlẹ́rìn-ín ò jáde mọ́. Ó ní, "Àpẹẹrẹ lásán ni, bàbá." Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ pòórá lára kọ̀ǹpútà. Ó ti pa tirẹ̀.

"Ológbò ló ṣe ìyẹ́ rẹ̀ léṣe," ni ẹ̀gbọ́n mi dá bàbá náà lóhùn.

Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo jó láìsí ìlù, mo gbé téèpù mi kọ́ ọrùn, mo sì ń yí tábìlì po. Wọ́n dìbò: orúkọ kálukú dúró lára iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe alága lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó tẹ ìwé náà jáde kó o kúrò lórí àtẹ, ilé iṣẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín sì ní kó lọ jókòó sílé ná. Ilé iṣẹ́ ńlá tó lé ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé wá. Wọ́n ní àṣìṣe ló ṣẹlẹ̀, àga náà ṣì ṣófo, ìgbà wo ló lè bẹ̀rẹ̀. Lójú mi ló ṣe dá wọn lóhùn. Ó ní kí wọ́n lọ fara balẹ̀ ka ojú ìkànnì Òpó, pé wọ́n máa rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbà á.

Ẹ̀yin lè rò pé ó tó. Èmi gan-an ti rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkànnì náà nílò ojú ewé kan tí ẹni tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà: bí a ṣe ń béèrè, bí a ṣe ń dáhùn, bí a ṣe ń dúpẹ́. Ó nílò àpẹẹrẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti mọ èyí tí ẹ̀gbọ́n mi mú. Ìbéèrè Ẹlẹ́rìn-ín, ìdáhùn rẹ̀, ìdúpẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín, pẹ̀lú orúkọ. Kò sẹ́ni tó máa wọ ibẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ kà á. Ọmọ tí wọn ò tíì bí, tó bá fẹ́ kọ́ Òpó lọ́jọ́ iwájú, á kà á. Nígbà tó fi hàn mí, mo wò ó títí, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ burú." Ó ní, "Ṣé kò bójú mu ni?"

Ẹlẹ́rìn-ín kọ lẹ́tà pé kó yọ ọ́ kúrò, ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Ó rán àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò gbà. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ mi, mo rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ti sọ pé obìnrin pẹ̀lẹ́ ni. Ó ti gbó sí i. Bùbá tó wọ̀, èmi ni mo rán an. Mo kí i, mi ò sì kí i dáadáa. Orí bẹ́ǹṣì tí ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó sí lòun náà jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "mo gbọ́ ohun tó ṣe. Mi ò wá gbè é. Ó ti ń jókòó sílé, kì í jáde. Ó ní ibi yòówù tí òun bá ti lọ wáṣẹ́, wọ́n ti ka nǹkan kan. Ó ní ẹ kọ nǹkan burúkú kan nípa òun síbì kan tí gbogbo ayé ń kọjá. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi pa á rẹ́."

Mo la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo pa á dé.

"Mà, mi ò kọ nǹkan burúkú kankan nípa ẹ̀," ó wí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni. Ọpẹ́ ló dá."

"Ọpẹ́?"

"Ọpẹ́ ni, mà. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pa ọpẹ́ rẹ́?"

Ìyá náà ní òun ò mọ̀wé kà, kí wọ́n ka ohun náà fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi yí kọ̀ǹpútà sí i, bí ẹni pé ìyá náà máa lè kà á, ó sì kà á sókè fún un. Inú mi ń dùn. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ, kó mọ irú ọmọ tó bí. "Mi ò ní gbàgbé ẹni tó kọ́ mi láéláé." Ẹ̀gbọ́n mi kà á dé orúkọ, ó dúró.

Ìyá náà ń fi ọwọ́ tún etí bùbá rẹ̀ ṣe.

"Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́?"

"Òun ni, mà."

"Èmi tí mo ta gbogbo ohun tí mo ní kó lè kàwé," ó wí, "kò sọ irú ẹ̀ sí mi rí." Ó nu ojú. "Ẹ má pa á rẹ́ mọ́, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ gíláàsì rẹ̀. Mo wá nǹkan tí màá sọ, èmi tí mo kó gbogbo ẹnu inú ilé wa, mi ò rí i.

Ìyá náà fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ tábìlì. "Ẹ tún un kà fún mi," ó wí.